Ẹ̀kọ́ Lórí Eruku àti Èémí: Bí A Ṣe Lè Gbé Ẹni Tí Iṣẹ́ Eruku Ba Ẹ̀dọ̀fóró Rẹ̀ Jẹ́ Ró Ní Ìbùdó Wa

Ọ̀rọ̀ kànga àti omi mímu ni a sọ nínú ẹ̀kọ́ tí ó ṣáájú èyí. Ti òní dá lórí èémí, nítorí pé àsìkò tún ti tó tí àwọn ọ̀dọ́ wa yóò máa wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú Benin láti wá iṣẹ́ ọ̀gbẹlẹ̀.

Gbogbo wa ni a mọ̀ bí ó ti ń rí. A ti kó àgbàdo kúrò lóko, a ti sá kòkó tán, síbẹ̀ owó ilé-ìwé àwọn ọmọ kò tíì pé. Àwọn ọkùnrin a di ẹrù wọn, wọn a forí lé sọ́mìlì ní ìlú Benin, níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú sí pákó. Àwọn mìíràn a kọjá lọ sí apá Akoko-Edo, ní Igarra àti Ikpeshi, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Owó ojúmọ́ ni wọ́n ń gbà, owó náà sì ń wúlò nílé. A kò kọ ẹ̀kọ́ yìí láti fi bú ẹnikẹ́ni tí ó lọ. Ẹni tí ó kàn wá ni ẹni tí ó padà dé lẹ́yìn ọdún mẹ́fà tàbí mẹ́wàá, tí kò lè gun òkè kékeré ẹ̀yìn ilé rẹ̀ mọ́ láìdúró sinmi lẹ́ẹ̀mẹta.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà láàrin wa. Àwọn kan a ní ọ̀lẹ ni. Àwọn kan a ní ikọ́ ife ni ó kó wá láti ìlú, wọn a sì ya abọ́ àti ife rẹ̀ sọ́tọ̀. Àwọn kan a máa wo ìyàwó rẹ̀ ní ìwòkuwò, wọ́n ní ọwọ́ ayé ni. Níbi tí a ti ń jiyàn báyìí, igbó ń bo ìpín oko rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ń fi ilé-ìwé sílẹ̀, òun náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹni tí yóò ra kòkó rẹ̀ lórí igi kí ó tó so.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú nínú ẹ̀kọ́ yìí kò pọ̀. Ẹ̀dọ̀fóró tí eruku bá ti dá àpá sí kì í padà bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ẹ̀dọ̀fóró náà lè padà bọ̀ sí ipò rẹ̀ nínú ilé, nínú oko àti láàrin ẹgbẹ́. Dókítà kò lè dá iṣẹ́ kejì yìí ṣe. Àwa tí a jọ ń gbé ni ó wà lọ́wọ́ wa.

Ohun tí eruku ń ṣe nínú àyà

Afẹ́fẹ́ tí a ń mí gba imú wọlé, ó gba ọ̀nà ọ̀fun, ó sì ń pín bí igi ti ń pẹ̀ka, títí yóò fi dé inú àwọn àpò wẹ́wẹ́ tí ó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń gba afẹ́fẹ́. Ọlọ́run kò fi ọ̀nà náà sílẹ̀ láìní oníbodè. Irun imú ń dá eruku ńlá dúró. Èyí tí ó bá yọ́ kọjá, itọ́ tí ó ki lára ọ̀nà èémí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ra, ikọ́ a sì tì í jáde. Ìdí nìyí tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ẹni tí ó la igi lónìí fi máa ń ní àwọ̀ igi. Ṣùgbọ́n eruku tí ó kún jù kọ́ ni ó burú jù. Èyí tí ojú kò rí, àfi ìgbà tí oòrùn bá yọ sínú yàrá láti ojú fèrèsé tí a wá rí i tí ó ń fò, òun ni ó ń tán àwọn oníbodè, tí ó sì ń dé inú àpò ìsàlẹ̀.

Eruku igi àti eruku òkúta kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Eruku igi ń bí ọ̀nà èémí nínú títí yóò fi wú, tí yóò sì fún. Ẹ wo arère, igi tí àwọn oníṣòwò gẹdú ń pè ní obeche. Ó fúyẹ́, ayùn ń gba inú rẹ̀ kọjá bí ọ̀bẹ nínú ẹ̀kọ, àwọn òṣìṣẹ́ sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn. Igi yìí gan-an wà lára àwọn tí àwọn dókítà ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti rí i pé ó ń fa ikọ́ semísemí fún àwọn tí ń là á. Ìrókò náà ń ṣe é. Èyí tí wọ́n ń pè ní Mansonia ń mú ni sín ṣáá, ó sì ń ta imú àti ọ̀fun. Ní ọdún 1995, ẹ̀ka tí ń rí sí àrùn jẹjẹrẹ nínú àjọ ìlera àgbáyé ka eruku igi mọ́ àwọn ohun tí ó lè fa jẹjẹrẹ inú imú fún àwọn tí ó bá fi ọ̀pọ̀ ọdún mí in sínú.

Ọ̀nà kan wà tí ìyàwó ilé pàápàá lè fi mọ̀ bóyá iṣẹ́ ni ó ń mú ọkọ òun wúkọ́. Kí ó ṣọ́ ọjọ́. Bí ikọ́ àti ìhanrun àyà bá ń le ní ìrọ̀lẹ́ tàbí ní òru ọjọ́ iṣẹ́, tí ó sì ń rọlẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi, tàbí tí ó lọ pátápátá nígbà tí ọkùnrin náà wálé ọdún fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ó tún padà ní ọ̀sẹ̀ tí ó wọ sọ́mìlì, iṣẹ́ ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Ẹni tí ó bá tètè kúrò nídìí igi nígbà tí ó rí àmì yìí máa ń sàn dáadáa lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tí ó bá ní “kò sí nǹkan kan, ọyẹ́ ni”, tí ó tún fi ọdún márùn-ún kún un, àyà rẹ̀ lè máà là mọ́ bí ó tilẹ̀ padà sóko.

A gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ sìgá kún un. Ní ọdún 2006 àwọn olùwádìí kan tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàrin àwọn òṣìṣẹ́ sọ́mìlì ìlú Benin gan-an, lórí ohun tí sìgá ń ṣe sí èémí wọn. Ìlú tí àwọn ọmọ wa ń lọ ni, kì í ṣe òkè òkun. Eruku ti ń ṣe tirẹ̀ lára wọn, ẹni tí ó bá wá ń mu sìgá lé eruku lórí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu iyọ̀ sójú egbò.

Eruku òkúta ní tirẹ̀ ń dá àpá sínú ẹ̀dọ̀fóró. Nínú akọ òkúta ni àwọn ègé wẹ́wẹ́ tí ń dán bíi gíláàsì wà, tí à ń pè ní silica. Bí wọ́n bá dé inú àpò èémí, ara kò lè jẹ wọ́n, kò sì lè tì wọ́n jáde, nítorí náà yóò fi àpá yí wọn ká, àpá náà yóò sì máa tóbi. Àpá kò lè gba afẹ́fẹ́. Òkúta mábù ti apá Ikpeshi kò ní silica púpọ̀ bí akọ òkúta, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré, ẹni tí ó sì ń fọ́ òkúta kì í fọ́ ẹyọ irú kan ṣoṣo. Ohun tí ó burú nínú àrùn yìí ni pé ó lè máa lọ síwájú lẹ́yìn tí ènìyàn ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Àwọn tí ń gbẹ́ ọlọ ní Àríwá Nàìjíríà, ọlọ lásán tí a fi ń lọ ọkà, ni àwọn dókítà kan yẹ àyà wọn wò, tí wọ́n sì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 1975. Wọ́n bá àrùn náà lára púpọ̀ nínú wọn. Kò sí ẹ̀rọ ńlá kankan níbẹ̀, òòlù àti irin nìkan ni.

Ó yẹ kí a fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ wàrà àti epo pupa níhìn-ín. Ní sọ́mìlì, wọn a sọ fún ọmọ tuntun pé kí ó mu wàrà agolo kan tàbí kí ó gbé epo pupa mì ní alẹ́, pé yóò fọ eruku inú rẹ̀ kúrò. Wàrà dára, epo náà dára, ṣùgbọ́n inú ikùn ni wọ́n ń lọ. Ọ̀nà oúnjẹ yàtọ̀ sí ọ̀nà èémí. Bákan náà ni áńkáṣíìfù tí wọ́n ń so mọ́ imú: ó ń dá eruku ńlá dúró, èyí tí ó kéré ń gba àárín òwú rẹ̀ kọjá. Ìbomú tí ó wúlò ni èyí tí ó nípọn tí ó sì lẹ̀ mọ́ ojú yípo, irú èyí tí wọ́n ń kọ N95 sí lára. Omi sì dára ju ìbomú lọ. Kí wọ́n wọ́n omi sílẹ̀ kí wọ́n tó gbálẹ̀, kí wọ́n máa da omi sójú òkúta tí wọ́n ń fọ́.

Ẹ jẹ́ kí dókítà mọ iṣẹ́ tí a ṣe

Ní ọdún 1700, dókítà ará Ítálì kan tí ń jẹ́ Bernardino Ramazzini kọ ìwé kan lórí àrùn àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ó gba àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ níyànjú pé, lẹ́yìn gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bá bi aláìsàn, kí wọ́n tún béèrè pé: Iṣẹ́ wo ni o ń ṣe? Ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún tí ó ti sọ ọ́, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ará wa ń wọ ilé ìwòsàn, wọ́n ń jáde, ẹnikẹ́ni kò béèrè. Bí wọn kò bá béèrè, ẹ sọ fún wọn. Ẹ má kàn sọ pé “àgbẹ̀ ni mí.” Ẹ sọ pé, “Mo fi ọdún mẹ́jọ la pákó, arère àti ìrókò ni ó pọ̀ jù níbẹ̀.” Ẹ sọ pé, “Mo fọ́ òkúta fún ọdún mẹ́ta.” Gbólóhùn kan bẹ́ẹ̀ lè yí ìtọ́jú padà, nítorí pé fọ́tò àyà ẹni tí ó ní ikọ́ semísemí eruku lè mọ́ kedere, kí wọ́n sì dá a padà sílé pé kò sí nǹkan kan. Ẹ̀rọ kan wà tí a ń fẹ́ èémí sínú rẹ̀ láti fi wọn agbára ẹ̀dọ̀fóró. Òun ni kí ẹ béèrè fún. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Benin, tí ó wà ní Ugbowo láti ọdún 1973, ni kí ẹ ní kí wọ́n kọ̀wé yín sí bí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ wa kò bá ní in.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife, ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Eruku òkúta máa ń ṣílẹ̀kùn fún ikọ́ ife, ènìyàn sì lè ní méjèèjì pọ̀. Bí wọ́n bá rí ikọ́ ife, oògùn oṣù mẹ́fà tí a lò pé ń wò ó sàn. Bí wọn kò bá sì rí i, ó lè jẹ́ pé àrùn eruku ni, àrùn eruku kì í sì ràn. Kí a kó abọ́ rẹ̀ padà sáàrin abọ́ wa. Kí ọmọ rẹ̀ máa sùn ti bàbá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 2010 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin owó gbà-má-bìínú fún àwọn òṣìṣẹ́, èyí tí ó rọ́pò òfin àtijọ́ ti 1987. Agbanisíṣẹ́ ni ó ń san owó sínú àpò náà, náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún náírà owó oṣù tí ó ń san. Kò gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó òṣìṣẹ́. Àjọ NSITF ni ó ń bójú tó o. Àrùn tí iṣẹ́ fà wà nínú òfin náà gẹ́gẹ́ bí ìfarapa, òṣìṣẹ́ ojúmọ́ sì wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ olóṣù, bí kò tilẹ̀ sí ìwé àdéhùn bí kò ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Òfin náà tún dárúkọ ríran òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ láti padà bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́: kí òṣìṣẹ́ tàbí ẹbí rẹ̀ sọ fún agbanisíṣẹ́ láàrin ọjọ́ 14, kí agbanisíṣẹ́ sọ fún àjọ náà láàrin ọjọ́ méje, kí a sì fi ìwé béèrè láàrin ọdún kan. A kò ní tan yín jẹ. Onísọ́mìlì kékeré tí ó ní ayùn kan àti ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin sábà máa ń sá fún irú ìforúkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó sì béèrè lè gbọ́ èébú. Ẹ béèrè síbẹ̀síbẹ̀, kí ẹ sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́.

Ní ti ẹ̀rí yìí, ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní South Africa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọkùnrin ń ti Lesotho, Mozambique àti àwọn abúlé tí ó jìnnà lọ wa góòlù níbẹ̀. Àtìpó ni wọ́n bí tiwa. Bí èémí wọn bá ti kúrú, wọn a dá wọn padà sí abúlé, àwọn ìyàwó wọn ni ó sì ń tọ́jú wọn títí wọn ó fi kú. Àwọn òṣìṣẹ́ náà kó ara wọn jọ, wọ́n pe àwọn ilé iṣẹ́ góòlù lẹ́jọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016 ilé ẹjọ́ gbà pé kí wọ́n jọ pe ẹjọ́ náà pọ̀, ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2019 ilé ẹjọ́ sì fọwọ́ sí àdéhùn owó gbà-má-bìínú tí ó tó bílíọ̀nù márùn-ún owó wọn. Ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti ọdún 1965 síwájú lè béèrè. Ọkùnrin tí ó ti di arúgbó gbọ́dọ̀ wá fi hàn pé lóòótọ́ ni òun wọ inú kòtò náà ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń lọ sí Benin, ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ orúkọ sọ́mìlì sínú rẹ̀, orúkọ ọ̀gá, irú iṣẹ́, ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ kúrò. Kí ẹ kọ orúkọ ẹni méjì tí ẹ jọ ṣiṣẹ́. Ìyàwó ni kí ó tọ́jú ìwé náà sínú àpótí.

Bí a ṣe ń gbé e ró nílé

Ní ọdún 1978, lẹ́yìn ìpàdé ńlá tí wọ́n ṣe lórí ìlera ní Alma-Ata, àjọ ìlera àgbáyé bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn orílẹ̀-èdè pé kì í ṣe ilé ìwòsàn nìkan ni a ti lè mú aláìlera padà bọ̀ sípò, pé àdúgbò rẹ̀ lè ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí a kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ yìí, a rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí Yorùbá ti ní àáró àti ọ̀wẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pe ìpàdé.

Ọ̀kan wà nínú àwọn ará wa tí ó fi ọdún mẹ́sàn-án la arère. Nígbà tí ó dé, ó fẹ́ ro oko kòkó rẹ̀ bí ó ti ń ro ó tẹ́lẹ̀. Aago méje ni ó bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó di aago mẹ́jọ ó ti jókòó sábẹ́ igi, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹwìrì. Ó wọ àáró pẹ̀lú àwọn márùn-ún, wọ́n ro tirẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó kàn án láti san án padà kò lè ṣe ju ebè mẹ́wàá lọ. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀. Fún oṣù méjì kò wá sí ìpàdé mọ́, ìyàwó rẹ̀ ni ó ń dá ro oko, tí ó sì ń yan gaàrí ní alẹ́. Nígbà tí a mú ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ẹgbẹ́, ariwo pọ̀. Olórí àáró náà, bàbá kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, wá béèrè pé, “Ṣé apá nìkan ni a fi ń dá àáró?” Kò sí ẹni tí ó dáhùn. Wọ́n jókòó, wọ́n sì ṣírò rẹ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni a ń gbin kóró kòkó sínú ọ̀rá, kí ó lè tó gbé lọ sóko nígbà òjò. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa bomi rin ín, kí ó máa tún ibòji rẹ̀ ṣe, kí ó máa lé eku àti ẹran. Àwọn márààrún ni ọmọ kòkó wọn máa ń kú lọ́dọọdún nítorí wọn kò sí nílé. Wọ́n fi gbogbo rẹ̀ sábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta nídìí ọmọ kòkó sì di ọjọ́ kan nídìí ọkọ́. Òun ni ó tún ń kọ ìwé àáró, nítorí ó ka ìwé mẹ́fà. Ikọ́ rẹ̀ kò lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń pe orúkọ rẹ̀ nínú ìpàdé, oko rẹ̀ sì mọ́.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní ìbùdó tí a bá wá a: ìtọ́jú ìgbín, ìwọ̀n kòkó àti àkọsílẹ̀ rẹ̀, títa ọjà lẹ́bàá títì. Ẹ má ṣe fún un ní iṣẹ́ tí yóò tún pa á lára. Kò gbọdọ̀ ṣá igbó jó, kò gbọdọ̀ gba inú ilé adìyẹ tí ó gbẹ, kò gbọdọ̀ yẹ àgbàdo nínú yàrá. Bí yóò bá rọ ilẹ̀ sínú ọ̀rá ọmọ kòkó, kí wọ́n kọ́kọ́ fi omi rin ilẹ̀ náà. Bí yóò bá pọ́n àdá, kí òkúta náà tutù. Kò sì gbọdọ̀ súnmọ́ oògùn apagbó tí à ń pè ní paraquat rárá, nítorí pé ẹ̀dọ̀fóró gan-an ni ó máa ń bàjẹ́. Àjọ NAFDAC ti fòfin dè é láti oṣù kìíní ọdún 2024. Bí ẹ bá ní èyí tí ó ṣẹ́kù nílé, ẹ má tà á fún ẹnìkejì yín.

Nípa èémí fúnra rẹ̀, ẹ̀kọ́ kékeré kan wà tí ọmọdé pàápàá lè kọ́ bàbá rẹ̀. Kí ó fa afẹ́fẹ́ sínú láti imú, kí ó ka ení, èjì. Kí ó wá sú ẹnu bí ẹni tí ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, kí ó rọra fẹ́ ẹ jáde, kí ó ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Jíjáde rẹ̀ ni kí ó pẹ́ ju wíwọlé lọ. Bí èémí bá há mọ́ ọn lójú ọ̀nà, kí ó má dùbúlẹ̀. Kí ó jókòó, kí ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ó fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì lé orúnkún, tàbí kí ó dúró kí ó fara ti ọkọ́. Nídìí iṣẹ́, kí ó fa èémí nígbà tí ó bá ń múra láti gbé nǹkan, kí ó fẹ́ ẹ jáde nígbà tí ó bá ń gbé e.

Lẹ́yìn tí dókítà bá ti gbà fún un, kí ó máa rìn. A mọ̀ pé èyí yóò ya àwọn ìyá wa lẹ́nu, nítorí ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ fún un pé “jókòó, má ṣe wàhálà.” Ẹsẹ̀ tí kò rìn a máa di aláìlágbára, ẹsẹ̀ aláìlágbára a sì máa béèrè èémí púpọ̀ ju ẹsẹ̀ tí ó le lọ. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ilé dé kànga, kí ó sinmi, kí ó padà. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, kí ó fi ilé méjì kún un. Ìwọ̀n rẹ̀ ni pé kí ó lè sọ̀rọ̀ bí ó ti ń rìn, ṣùgbọ́n kí ó má lè kọrin. Ẹni tí ó bá ṣe èyí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, yóò rí ìyàtọ̀, bí fọ́tò àyà rẹ̀ kò tilẹ̀ yí padà. Kí ẹnì kan máa bá a rìn. Bí àyà bá ń dùn ún tàbí òòyì ń kọ́ ọ, kí wọ́n dáwọ́ dúró.

Oúnjẹ rẹ̀ náà ń fẹ́ ọgbọ́n. Òkèlè ńlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo a máa ti ikùn sókè, a sì máa há ẹ̀dọ̀fóró mọ́yà. Kí ó jẹ díẹ̀ díẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kí ẹ̀wà, ẹyin tàbí ẹja wà nínú rẹ̀, nítorí pé àrùn yìí a máa jẹ ẹran ara. Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbé agbada gaàrí jìnnà sí ojú fèrèsé yàrá rẹ̀, kí ẹ sì gbé e sí ibi tí afẹ́fẹ́ yóò ti gbé èéfín lọ. Ti ẹ̀yin fúnra yín wà nínú ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú. Ẹni tí ó ń jókòó ti èéfín ìdáná lójoojúmọ́ láti ìgbà ọmọge, oníṣẹ́ eruku ni òun náà, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tí ń san owó ojúmọ́ fún un.

Àwọn kan ń bẹ̀rù oògùn tí a ń fà sẹ́nu. Wọ́n ní ẹni tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní lè jáwọ́ nínú rẹ̀ mọ́, pé àwọn tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú ni wọ́n ń fún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oògùn náà ń lọ tààrà sí ibi tí àrùn wà, ó sì kéré púpọ̀ ju èyí tí a ń gbé mì lọ. Ohun tí ó yẹ kí a bẹ̀rù ni kí ó tán nílé lóru. Owó rẹ̀ kò kéré. Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ ẹgbẹ́ èsúsú kọ̀ọ̀kan kí wọ́n ya díẹ̀ sọ́tọ̀ lóṣooṣù fún oògùn àti owó ọkọ̀ aláìsàn, kí ó má jẹ́ ẹ̀yáwó tí wọn yóò fi kòkó dúró fún.

Bí ètè tàbí èékánná rẹ̀ bá ń ṣú, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bá wú, bí ó bá pọ ẹ̀jẹ̀, tàbí bí kò bá lè parí gbólóhùn kan láìmí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má dúró de ojúmọ́. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní ìpàdé ẹgbẹ́

Ta ni ó ti ìdí igi tàbí òkúta dé ní àdúgbò yín láti bí ọdún márùn-ún, tí a kò rí i ní ìpàdé mọ́?

Ta ni yóò lọ kí i kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, iṣẹ́ wo nínú àáró yín ni ó sì lè ṣe?

Nínú àwọn tí ó fẹ́ lọ sí Benin ní oṣù yìí, ta ni kò tíì ní ìwé kékeré tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀?